Ọ̀nà ń bẹ, ẹ̀ka ni kò tó: ìtàn okùn tó gbé dátà wá sí Ìkirè àti Àpòmù

1/
Ìtàn ni mo fẹ́ pa lónìí, ó sì gùn díẹ̀, ẹ wá nǹkan jẹ sílẹ̀. Dòdò Ìkirè ni màá gbà yín nímọ̀ràn. Ẹ mọ̀ pé ilé mi ni mò ń polówó.

Ìtàn ọ̀nà ni. Báwo ni fídíò tí ẹ ń wò ṣe dé orí fóònù yín? Ta ló la ọ̀nà yẹn? Ta ló ń ṣọ́ ọ? Kí ló dé tí ọ̀nà lè gba iwájú ilé ẹni kọjá, síbẹ̀ kí ẹni náà má rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gidi lò? Ọjà Àpòmù la ti máa bẹ̀rẹ̀.

2/
Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ọ̀dọ̀ wa: Ìkirè àti Àpòmù wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lórí ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Bí ẹ bá ti Ìbàdàn ń bọ̀, tí ẹ sọdá odò Ọ̀ṣun, ẹ ti ń sún mọ́ wa nìyẹn. Ìkirè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé, Àpòmù ni ti Ìṣọ̀kan. Akirè ni ọba Ìkirè, Alápòmù ni ọba Àpòmù. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gba ibẹ̀ lọ sí OAU. Ẹ ra dòdò lójú fèrèsé ọkọ̀, ẹ padà sùn.

Ẹ fi "ẹ gba ibẹ̀ kọjá" yẹn sọ́kàn. A ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

3/
Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Àpòmù kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń sùn kọjá. Ọjà ńlá ni. Abẹ́ Ifẹ̀ ló wà, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́, Òwu, Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ ló ń pàdé níbẹ̀. Ẹrù tó ti etí òkun wá ń gba ọwọ́ Ìjẹ̀bú wọlé, ẹrù òkè ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ Ọ̀yọ́.

Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, sọ pé wọ́n ń jí àwọn Ọ̀yọ́ gbé ní ọjà yìí, wọ́n sì ń tà wọ́n lẹ́rú. Wọ́n ránṣẹ́ sí Olówu pé kó fi òpin sí i. Òwu kógun ja Àpòmù. Ifẹ̀ bínú. Lẹ́yìn náà, ìjà tún ṣẹlẹ̀ láàárín oníṣòwò Òwu àti ti Ìjẹ̀bú nínú ọjà kan náà, lórí ataare. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ataare! Ìjẹ̀bú dara pọ̀ mọ́ Ifẹ̀, wọ́n dó ti Òwu fún ọdún bíi márùn-ún, ìlú Òwu sì tú.

Lára àwọn ọmọ ogun tó tú Òwu yìí ló wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bíi 1829.

4/
Kí ló wá kan dátà nínú èyí? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni.

Oríta ló sọ Àpòmù di ohun tí ìlú mẹ́ta ń jà lé lórí. Ilẹ̀ Àpòmù kò ní wúrà. Ohun tó ní ni pé ọ̀nà pàdé níbẹ̀, ẹrù ń sọ̀ níbẹ̀, ó sì ń yà níbẹ̀. Ẹni tó bá di ibi tí ọ̀nà ti ń pàdé mú, òun ló ń pinnu ẹni tó máa kọjá àti iye tó máa san. Ìjẹ̀bú mọ èyí dáadáa. Wọ́n di ọ̀nà etí òkun mú gírígírí títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi fi ogun já a gbà ní 1892, ní ogun Ìmàgbọ̀n. Gbogbo ìlú ló ní oníbodè tó jókòó lẹ́nu odi, tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó gbé ẹrù kọjá.

Oníbodè kò tíì kú o. Ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni.

5/
Ní 1886, okùn tẹlifóònù àkọ́kọ́... rárá o, kì í ṣe tẹlifóònù. Tẹligíráàmù ni. Ọdún yẹn ni okùn abẹ́ òkun so Èkó pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún kan náà ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn tó parí ogun Kírìjì. Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí: nílé níbí, àwọn ènìyàn wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ìbọn kalẹ̀ lẹ́yìn ogun tó lé ní ọdún mẹ́jọ; ní Èkó, ìjọba amúnisìn ti ń fi okùn bàbà bá àwọn ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ nílùú òyìnbó.

Ní 1893, tẹlifóònù dé ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Fún ta ni? Fún ìjọba. Ọmọ Ìkirè tó ní ìròyìn ikú láti ránṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa fi gbé e lọ.

6/
A gba òmìnira ní 1960. Iye ìlà tẹlifóònù tó wà ní gbogbo Nàìjíríà nígbà náà jẹ́ 18,724, fún ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 45. Ẹ pín in wò. Ìlà kan fún ènìyàn tó lé ní 2,000.

Bí ẹ bá fẹ́ pe ìlú mìíràn láyé ìgbà yẹn, òṣìṣẹ́ kan ló máa gbé ìpè yín, ó máa fi ọwọ́ ki okùn bọ ihò kan lára pátákó, ó máa bá òṣìṣẹ́ ìlú kejì sọ̀rọ̀, ìyẹn náà á ki tiẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá so pọ̀ láti ẹnu yín títí dé etí ẹni tí ẹ ń pè, ọ̀nà yẹn di ti yín, ẹlòmíràn kò lè gbà á títí ẹ ó fi sọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n so láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹnì kan, òun ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní circuit. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yẹn dání. Ohun tó yí padà láti ìgbà náà ni ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá.

7/
Ní 1985, ìjọba da apá tẹlifóònù P&T pọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ NET tó ń bójú tó ìpè òkè òkun, wọ́n sọ ọ́ ní NITEL. Ẹ bi àwọn òbí yín. Ẹlòmíràn forúkọ sílẹ̀ fún ìlà, ó bímọ, ọmọ náà wọ iléèwé, ìlà kò dé.

Títí di 2001, ìlà tó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè kò tó 500,000. Ìgbà tó di oṣù kẹjọ ọdún náà ni ECONET àti MTN tan GSM. Káàdì ìpè sì dé, ariwo sọ.

Ṣùgbọ́n òpó GSM kì í dá ṣiṣẹ́ o. Atẹ́gùn ló ń gbé ohùn yín láti fóònù dé òpó, kìlómítà díẹ̀ péré ni. Láti òpó lọ, ọ̀nà mìíràn ló gbọ́dọ̀ gbé e. Níbẹ̀rẹ̀, òpó sí òpó ni wọ́n ń jù ú bíi bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú àwo pẹrẹsẹ tí ẹ ń rí lára wọn. Nígbà tí fídíò dé, àwo yẹn kò lè gbé ẹrù náà mọ́. Gíláàsì ló wá gbà á.

8/
Bẹ́ẹ̀ ni, gíláàsì. Ní 1966, onímọ̀ kan tí wọ́n bí ní Ṣáínà, Charles Kao, tó ń ṣiṣẹ́ ní England, sọ pé tí gíláàsì bá mọ́ tó, ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn. Ní 1970, iléeṣẹ́ Corning ní Amẹ́ríkà ṣe é. Kao gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2009.

Fáíbà kan kò nípọn ju irun orí lọ. Àárín rẹ̀ gan-an, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà, kò tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá ìbú rẹ̀. Lésà ń tàn níbi kan, ó ń ṣẹ́jú ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ̀rọ tó wà ní òdìkejì ń ka ṣíṣẹ́jú náà. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré nínú gíláàsì ní kìlómítà 200,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti Ìkirè dé Èkó kò tó kìlómítà 200, nítorí náà kò gbà á tó ìdá kan nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ ò tíì ṣẹ́jú, ó ti lọ, ó ti bọ̀.

9/
Okùn fáíbà abẹ́ òkun tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa ni SAT-3. Ó gbéra láti Portugal, ó gba etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí dé South Africa, ó sì yà sí Èkó. Ní 2002 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. NITEL ló di ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mú ní Nàìjíríà.

Oníbodè dé! Ẹnu ọ̀nà kan, ẹni kan tó ní kọ́kọ́rọ́. Owó tí wọ́n ń gbà ga débi pé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ àti káfẹ́ gbàgbé okùn náà, wọ́n ń lo sátẹ́láìtì. Sátẹ́láìtì yẹn sì wà ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà lókè. Ẹ ó tẹ nǹkan, ẹ ó dúró, ẹ ó gba àdúrà díẹ̀, kó tó ṣí. Ẹ̀yin tí ẹ ra "overnight browsing" ní káfẹ́, ẹ jẹ́rìí mi.

10/
Ní ìparí oṣù keje 2009, SAT-3 ní ìjàǹbá nítòsí Benin. Benin, Tógò àti Niger bọ́ sínú òkùnkùn, Nàìjíríà náà gbọgbẹ́, ilé ìfowópamọ́ ń sáré kiri. Gbogbo ẹyin wà nínú agbọ̀n kan ṣoṣo, agbọ̀n sì já.

11/
Ibi tí ìtàn yìí ti padà sí ẹ̀gbẹ́ ilé wa nìyí.

Obìnrin kan wà tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ní OAU, Ilé-Ifẹ̀. Fúnkẹ́ Ọ̀pẹ́kẹ́ ni. Ọmọ Ilé-Olújì ni. Ó lọ sí Columbia ní Amẹ́ríkà, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ní MTN, ó sì wà ní NITEL fún ìgbà díẹ̀. Ó rí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn látinú. Ní 2008, ó dá MainOne sílẹ̀. Ní oṣù keje 2010, okùn wọn tó gùn tó kìlómítà 7,000 láti Portugal dé Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọdún kan náà ni Glo-1, okùn Globacom tó ti Bude ní England wá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn wọn ni WACS àti ACE tẹ̀lé e. Ẹnu ọ̀nà di púpọ̀, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé obìnrin kì í ṣe iṣẹ́ okùn, ẹ fi èyí hàn án.

12/
Ó dára. Okùn ti dé Èkó. Báwo ló ṣe wá di ti yín? Ẹ jẹ́ n fi bí wọ́n ṣe ń gbé circuit kalẹ̀ hàn yín, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ìkirè wà.

Ká ní ilé ìfowópamọ́ kan ní Ìkirè fẹ́ ọ̀nà tó so ó mọ́ Èkó. Ó gbé ìwé béèrè lọ sí iléeṣẹ́ okùn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ á ṣí àwòrán ilẹ̀ wọn: fáíbà wo ló ṣófo? Ibo ló gbà? Kìlómítà mélòó? Wọ́n á ṣe ìṣirò ìmọ́lẹ̀, torí bó ti wù kí gíláàsì mọ́ tó, ìmọ́lẹ̀ ń rẹ̀. Ní ọ̀nà jíjìn, ní nǹkan bíi kìlómítà 80 síra wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ tó ń fún un lókun padà.

13/
Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á yan àwọ̀ fún un. Mo ní àwọ̀. Fáíbà kan ṣoṣo lè gbé àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó lé ní 80 lẹ́ẹ̀kan náà, àwọ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbé ẹrù tirẹ̀, wọn kì í dà pọ̀. Ẹ rò ó bí ọjà Àpòmù nígbà tó dára: Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú, Òwu, Ifẹ̀, gbogbo wọn lójú ọ̀nà kan, kálukú mọ ẹrù rẹ̀. Àwọ̀ kan lónìí lè gbé 100 gígábíìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òmíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìfowópamọ́ wa kò nílò gbogbo àwọ̀ kan, nítorí náà wọ́n á gé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún un, bí ẹni ń yá ènìyàn ní ìjókòó kan nínú bọ́ọ̀sì.

Wọ́n á lọ sí ibùdó kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà, wọ́n á so okùn ìhín mọ́ tọ̀hún. Iṣẹ́ òṣìṣẹ́ P&T ìjọ́sí náà ni, àmọ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ báyìí.

14/
Wọn kì í sọ pé "ó ti parí" bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dán an wò. Wọ́n á da ọ̀pọ̀lọpọ̀ àmì sínú rẹ̀ fún wákàtí pípẹ́, ìgbà mìíràn odindi ọjọ́ kan, wọ́n á ka iye tó dé òdìkejì pẹ̀lú àṣìṣe. Tó bá mọ́, wọ́n á fún circuit náà ní nọ́ńbà, bí ìgbà tí wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á fà á lé oníbàárà lọ́wọ́.

Nọ́ńbà yẹn ṣe pàtàkì o. Lọ́jọ́ tí okùn bá já, òun ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó wà nínú ìdààmú. Iléeṣẹ́ tí kò bá kọ ìwé rẹ̀ dáadáa, tí ẹnì kan so okùn tí kò kọ ọ́ sílẹ̀, lọ́jọ́ ìjàǹbá, wọ́n á máa fi ọwọ́ tá bí afọ́jú.

15/
Lẹ́yìn tí wọ́n bá tan án tán ni iṣẹ́ gan-an wá bẹ̀rẹ̀. Yàrá kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ṣọ́ gbogbo ọ̀nà tọ̀sán-tòru. Bí ìmọ́lẹ̀ bá rẹ̀ níbì kan, àmì pupa á yọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tó ń ta ìmọ́lẹ̀ sínú fáíbà, tó ń ka èyí tó padà wá, tó sì máa sọ fún wọn pé, "Kìlómítà 23 síbí ló ti já." Àwọn tó wà lójú pópó á gbé mọ́tò, wọ́n á wá ibẹ̀, wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á bọ́ ara okùn, wọ́n á fi iná yọ́ gíláàsì méjèèjì papọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní okùn tó lè ní fáíbà 48 tàbí 96 nínú. Nínú òjò. Lóru. Ní ọ̀nà tí ẹ mọ̀ bó ṣe rí.

Ẹ máa kí wọn.

16/
Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó ga jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni ọ̀nà kejì.

Circuit tó bá ṣe pàtàkì, wọ́n máa ń la ọ̀nà méjì fún un, bí òrùka. Bí ọ̀kan bá já, ẹ̀rọ á yí ẹrù sí èkejì. Ìlànà àtijọ́ tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé kí yíyí náà má ju ìdá 50 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù kò ní mọ̀.

Òrùka gbọ́dọ̀ jẹ́ òrùka lóòótọ́ o. Bí ọ̀nà méjèèjì bá gba abẹ́ afárá kan náà, tàbí inú kòtò kan náà, katapílà kan ló máa pa méjèèjì.

17/
Ẹ wo ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024. Okùn mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà nítòsí Abidjan, ní etí òkun Côte d'Ivoire. Àwọn onímọ̀ fura pé ilẹ̀ abẹ́ òkun ló yẹ̀. Okùn mẹ́rin tó yàtọ̀ síra, ilé iṣẹ́ tó yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n gbà. Ilé ìfowópamọ́ dákú, owó kò lọ, owó kò bọ̀.

Ta ló gbà wá? Glo-1 kò fara gbá. Equiano náà, okùn Google tó dé Èkó ní oṣù kẹrin 2022, kò fara gbá, torí ó jìnnà sí etí òkun ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n kó ẹrù púpọ̀ lé e lórí. Àtúnṣe àwọn yòókù gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí ọkọ̀ ojú omi ló gbọ́dọ̀ lọ fa okùn jáde látinú òkun.

Ẹ mọ ẹni tí wọ́n fi sọ Equiano? Olaudah Equiano, ẹni tó sọ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1789 pé ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n ti jí òun gbé ní kékeré, tí wọ́n tà lẹ́rú, tó sì ra ara rẹ̀ padà. Èmi tí mo wá láti ẹ̀gbẹ́ ọjà tí wọ́n ti jí ènìyàn tà, okùn tó ń jẹ́ orúkọ ẹni tí wọ́n jí tà ló gbé iṣẹ́ mi jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Mo jókòó, mo ro ó títí.

18/
Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Ìkirè.

Okùn wà ní ẹ̀bá ọ̀nà wa. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ márosẹ̀, ẹ ó rí òpó kéékèèké tí wọ́n kọ orúkọ iléeṣẹ́ sí, tí wọ́n ní kí ẹ má gbẹ́lẹ̀. Ẹ gbójú sókè, òpó iná alágbára tó ń kọjá ní ilẹ̀ Yorùbá náà lè gbé fáíbà. Phase3 Telecom wà lára àwọn tó ń gba orí òpó iná gbé dátà. Òṣogbo tiwa yìí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà, iṣẹ́ irú ibùdó bẹ́ẹ̀ kò sì lè dá dúró láìsí ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe pé ọ̀nà kò sí. Ọ̀nà ń kọjá. Ẹ̀ka ni kò tó.

19/
Ẹ rántí ẹ̀yin tí ẹ ra dòdò tí ẹ sùn padà? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ń ṣe. Èyí tó ti Èkó ń lọ sí ìlú ńlá ń sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpòmù, kò sọ̀. Kó tó lè sọ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ níbẹ̀ tó máa yọ àwọ̀ kan jáde, tó máa fi òmíràn sí i. Ẹ̀rọ yẹn ń fẹ́ yàrá, iná tí kì í lọ, amúlétutù, ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Iléeṣẹ́ á ṣírò rẹ̀: oníbàárà mélòó ló wà níbẹ̀? Tí iye náà kò bá wù wọ́n, wọ́n á kọjá lọ.

Ìlú tí ọ̀nà ti ń pàdé, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jagun, ló wá di ìlú tí ọ̀nà ń fò kọjá. Èyí ló ń dùn mí nínú gbogbo ìtàn yìí.

20/
Ó sì ní ohun tó ń ná wa. Lọ́dún kan, mo ní iṣẹ́ fídíò tó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ oníbàárà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Mo gun ọ̀kadà láti Ìkirè dé Àpòmù pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ bí ẹni ń wá ẹran tó sọnù. Kò sí. Ó di òru kó tó dé. Oníbàárà ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, owó oṣù méjì mi bá a lọ. Ohun tí mo gbọ́ ni pé àwọn tó ń la gọ́tà ló gé okùn.

Obìnrin tó ń ta ọjà pẹ̀lú POS lójúde wa pàdánù ju tèmi lọ lọ́jọ́ náà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ rò pé ó fẹ́ lu wọn ní jìbìtì ni. Ẹ̀ka kan ṣoṣo, kò sí òrùka, ọ̀bẹ kan ṣoṣo ti tó.

21/
Kì í ṣe àwa nìkan. Àjọ NCC, tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀, ní láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹjọ 2025, okùn fáíbà já ní ìgbà 19,384 ní Nàìjíríà. Ẹ pín in: ó lé ní 79 lójúmọ́! Àwọn tó ń ṣe títì wà nínú rẹ̀, àwọn olè náà wà nínú rẹ̀. Àwọn olè kan rò pé bàbà ni wọ́n ń gé. Gíláàsì ni o, ẹ̀yin ará. Kò ní owó kankan lórí àkìtàn.

Ní 2024, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ tó sọ irú ohun èlò báyìí di dúkìá pàtàkì orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá bà á jẹ́ ń bá òfin fà á. Ìwé òfin dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wa katapílà kò ka ìwé yẹn. Ẹni tó gbé iṣẹ́ títì fún un ló yẹ kó kọ́kọ́ pe àwọn olókùn.

22/
Oníbodè ńkọ́? Ó ń bẹ. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, kí iléeṣẹ́ tó lè gbẹ́ ilẹ̀ ri okùn, ó gbọ́dọ̀ san owó ọ̀nà fún ìjọba ibẹ̀. Ní 2013, ìjọba àpapọ̀ àti àwọn gómìnà fẹnu kò sí ₦145 fún mítà kan. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gbàgbé àdéhùn yẹn, wọ́n ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Èkìtì, aládùúgbò wa, ń gba ₦4,500 kó tó já a wálẹ̀ sí ₦145 ní 2020.

Owó tí oníbodè bá gbà, ẹ̀yin lẹ máa san án lórí dátà. Tí ó bá pọ̀ jù, iléeṣẹ́ á la ọ̀nà kan ṣoṣo, kò ní la èkejì. Ibẹ̀ ni òrùka ti ń sọnù.

23/
Ìjọba ní àwọn fẹ́ fi kìlómítà 90,000 kún fáíbà tó wà nílẹ̀, kó lè di 125,000. Project BRIDGE ni wọ́n pè é, mínísítà Bọ́sún Tìjání ló ń polówó rẹ̀. Mo fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ọmọ Àpòmù gbọ́dọ̀ bi wọ́n kì í ṣe "kìlómítà mélòó?" Ìbéèrè wa ni: "Ibo ló máa sọ̀? Ọ̀nà mélòó ló máa dé ọ̀dọ̀ wa?" Kìlómítà tó ń kọjá kì í bọ́ ẹnikẹ́ni.

24/
Ohun tí ẹ lè ṣe láti òní lọ:

Bí ẹ bá fẹ́ ra íntánẹ́ẹ̀tì fún ṣọ́ọ̀bù tàbí iléeṣẹ́ yín, ẹ bi wọ́n pé ṣé ọ̀nà kejì wà, ṣé ọ̀nà kejì náà kì í gba inú kòtò kan náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi nọ́ńbà circuit yín lé yín lọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ fún ohun tó lé ní wákàtí 24, NCC ti sọ ní 2025 pé ó yẹ kí iléeṣẹ́ san ohun kan padà fún yín. Nọ́ńbà ìfisùn wọn ni 622. Ẹ kọ́kọ́ bá iléeṣẹ́ yín sọ ọ́. Tí wọn kò bá dáhùn, ẹ pe 622.

Bí ẹ bá rí àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òpó kéékèèké yẹn, ẹ bi wọ́n léèrè. Kẹ́ ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi wọ́n, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé ẹ ti sọ fún àwọn olókùn?" Ó lè gba iṣẹ́ oṣù méjì ẹnì kan là.

25/
Ẹ̀yin ọmọ Ìrẹwọlé àti Ìṣọ̀kan tó ń ka èyí ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Houston: nígbà tí ẹ bá ń bá àwọn aṣòfin àti alága ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa títì àti omi, ẹ fi ẹ̀ka okùn sí i. Ibùdó kan ní Ìkirè, ọ̀kan ní Àpòmù, pẹ̀lú ọ̀nà méjì tí kò pàdé. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ tún un pín kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní katapílà. Thread tó kàn, màá sọ ìtàn bí dòdò Ìkirè ṣe di dòdò Ìkirè. Ẹ tẹ̀lé mi, kẹ́ ẹ má bàa pàdánù rẹ̀.